A KÌ Í FÁ ORÍ LẸ́YÌN OLÓRÍ

Ọ̀rọ̀ lórí oníṣègùn eyín àti ẹni tó la ẹnu níwájú rẹ̀



Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn Mísà, nígbà tí àwọn èèyàn ti ń tú ká, ìyá kan tí ń ta gàrí lọ́jà wa dúró dè wá lábẹ́ igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fi ìborùn bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún. Nígbà tó ṣí i, a rí i pé ó wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó fi odindi obì sẹ́nu. Ó ní ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí wọ́n ti yọ eyín kan fún òun nílé ìwòsàn kan, ojú ibẹ̀ kò sì jinná. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìrora náà ló ń dùn ún jù. Ó ní:

"Mo lọ síbẹ̀ pé kí wọ́n bá mi tọ́jú eyín mi ni. N kò mọ̀ pé yíyọ ni wọ́n máa yọ ọ́. Wọ́n ní kí n la ẹnu, mo la ẹnu. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, n kò sọ nǹkan kan, nítorí ẹni tó la ẹnu kò lè sọ̀rọ̀. Kí n tó mọ̀, eyín mi ti wà nínú àwo."

Gbólóhùn kan nínú ọ̀rọ̀ ìyá yìí kò kúrò lọ́kàn wa: ẹni tó la ẹnu kò lè sọ̀rọ̀. Bí a bá gbé apá tó ṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà, apá ni ó wà lọ́wọ́ dókítà, ẹnu ṣì jẹ́ tiwa; a lè kígbe, a lè béèrè, a lè ní ó tó. Bí a bá gbé aṣọ fún aránṣọ, ojú wa ń wo abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí àga oníṣègùn eyín, ohun tí à bá fi béèrè gan-an ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. A kò rí ohun tó ń ṣe. A kò lè bi í léèrè. Bó bá sì parí iṣẹ́, kò sí bí a ṣe máa mọ̀ bóyá ihò tó ní òun rí wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Àwọn bàbá wa ní, bí abẹ bá mú tó báwo, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Oníṣègùn eyín fúnra rẹ̀ a máa la ẹnu fún ẹlòmíràn nígbà tí eyín bá ń dùn ún. Dandan ni kí gbogbo wa fọkàn tán ẹnì kan. Kí ni ó wá yẹ kí ó wà láàárín ẹni tó mú irin lọ́wọ́ àti ẹni tó la ẹnu? Àwọn àgbà kan náà ti dá wa lóhùn: a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ẹni tó la ẹnu dà bí ẹni tí kò sí nílé. Nítorí náà, ohun gbogbo tó yẹ kí àwọn méjèèjì sọ fún ara wọn, kí wọ́n sọ ọ́ kí ẹnu tó là.

LÓRÍ AFÁRÁ NÍ PARIS

Kí a má rò pé òní ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ní ìlú Paris, ní nǹkan bí 300 ọdún sẹ́yìn, gbangba ìta ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń yọ eyín. Lórí afárá tí à ń pè ní Pont-Neuf, àwọn ayọyín a dúró láàárín èrò, wọn a máa pariwo iṣẹ́ wọn, wọn a kó onílù àti afunfèrè sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni ọkùnrin sìgbọ̀nlẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní le Grand Thomas. Lóòótọ́, láti ọdún 1699 ni àṣẹ ọba ti sọ pé ẹni tó bá fẹ́ máa tọ́jú eyín ní Paris gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yege níwájú ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́-abẹ. Ṣùgbọ́n òfin wà láàfin, ayọyín wà lórí afárá.

Ẹni tó tú àṣírí irú wọn ni Pierre Fauchard, tó kú ní 1761. Lọ́dọ̀ oníṣẹ́-abẹ inú ọkọ̀ ojú omi ọba ni ó ti kọ́ iṣẹ́ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ní 1728, ó tẹ ìwé kan jáde ní ìdìpọ̀ méjì, ó pè é ní Le Chirurgien dentiste. Orúkọ yẹn ni wọ́n ń kọ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ́jú eyín ní Kutọnu, ní Àjàṣẹ́ àti ní Lomé títí dòní.

Nínú ìwé náà, ó ṣàlàyé ọgbọ́n ẹ̀tàn àwọn ayọyín. Wọ́n á ti fún ẹnì kan lówó ṣáájú pé kí ó dúró láàárín èrò bí ẹni tí eyín ń dùn. Ayọyín á fi eyín òkú pamọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, tí ó ti fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ní ẹ̀jẹ̀ nínú wé. Ó kàn máa fi ọwọ́ kan ẹnu ẹni náà ni, onítọ̀hún á tu ẹ̀jẹ̀ àti eyín jáde, á sì rẹ́rìn-ín pé kò dun òun rárá. Èrò á pariwo. Nígbà náà ni àwọn tí eyín ń dùn lóòótọ́ á wá jáde pẹ̀lú owó wọn.

Fauchard tún fọwọ́ kan ohun kan tí àwa náà mọ̀. Láyé ìgbà náà, àwọn ará Faransé gbà pé kòkòrò ló ń jẹ eyín, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń sọ pé kòkòrò ti jẹ eyín lágbájá. Ó fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo àwọn eyín tó jẹrà, ó ní òun kò rí kòkòrò kankan níbẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ní 1890, ará Amẹ́ríkà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Berlin, Willoughby Miller, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ pé àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹnu ń sọ ṣúgà àti oúnjẹ tó kù sí àárín eyín di omi kíkan, omi kíkan yìí ni ó ń jẹ eyín. Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa, ẹni tó bá fi èéfín tàbí ewé sí yín lẹ́nu, tó wá fi ìdin kékeré hàn yín lórí òwú pé òun yọ kòkòrò eyín yín, ẹ rántí àwọn ará orí afárá. Ìdin náà kò ti ẹnu yín jáde.

Nǹkan méjì ni ó mú kí orúkọ Fauchard yẹ kó wà nínú ọ̀rọ̀ wa. Èkíní, láyé tí oníkálukú ń fi ọgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ kí ẹlòmíràn má baà jẹ níbẹ̀, ó kọ ohun tó mọ̀ sílẹ̀ fún ẹni gbogbo. Èkejì ni ọ̀rọ̀ àga. Ṣáájú rẹ̀, ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ayọyín ń mú èèyàn jókòó, wọn á fi orúnkún méjèèjì ká orí rẹ̀ mọ́. Fauchard ní kí a mú aláìsàn jókòó lórí àga tó lápá, tí ó dúró dáadáa, kí ara lè tù ú. Èyí lè dà bí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fi orúnkún há mọ́lẹ̀, ewúrẹ́ tí a mú ni. Ẹni tí a fún ní àga, àlejò ni, a sì máa ń bá àlejò sọ̀rọ̀.

OHUN TÍ ÀWỌN ADÁJỌ́ SỌ

Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí òfin tó sọ ohun tí ìwà ọmọlúàbí ti mọ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 1936, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Faransé, Cour de cassation, dá ẹjọ́ obìnrin kan tí ìtọ́jú dókítà ti pa lára. Àwọn adájọ́ ní àdéhùn wà láàárín dókítà àti aláìsàn. Dókítà kò ṣèlérí pé ara aláìsàn yóò dá, nítorí ìyẹn kò sí lọ́wọ́ ẹ̀dá. Ohun tó ṣèlérí ni ìtọ́jú tí ó fi ẹ̀rí ọkàn àti àkíyèsí ṣe, tí ó sì bá ìmọ̀ ìgbà náà mu. Ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 1942, ilé ẹjọ́ kan náà ní dókítà kò gbọdọ̀ fi ọ̀bẹ kan ara èèyàn láì kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda rẹ̀, àfi bí ọ̀ràn bá di pàjáwìrì. Dahomey àti Togo wà lábẹ́ Faransé nígbà náà, inú ilé ìwé òfin Faransé sì ni àwọn amòfin wa àkọ́kọ́ ti kẹ́kọ̀ọ́. Ẹjọ́ méjì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì fún wa.

Ṣùgbọ́n bí òfin bá ní kí a gba ìyọ̀ǹda, kí ni a ó ṣe sí ẹni tí kò lè fún ni ní ìyọ̀ǹda? Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dunni jù nìyí.

BỌ́ŃBỌ́N ÀWỌN ARÁ VIPEHOLM

Ní ilẹ̀ Swídìn, ní ìlú Lund, ilé ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Vipeholm, tí wọ́n ń kó àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé sí. Eyín àwọn ará Swídìn burú nígbà náà, ìjọba sì fẹ́ mọ ohun tó fà á. Ọ̀pọ̀ fura sí ṣúgà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tíì fi hàn nínú èèyàn alààyè. Ní 1945, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí nínú ilé yìí, nítorí pé àwọn tó wà níbẹ̀ kì í jáde, oúnjẹ tí a bá fún wọn ni wọ́n ń jẹ, wọn kì í sì í bi ni léèrè. Ìjọba ló gbé ìwádìí náà kalẹ̀, àwọn tó ń ṣe ṣúgà àti bọ́ńbọ́n sì dáwó sí i.

Láti 1947, wọ́n ń fún àwọn kan ní ṣúgà nínú oúnjẹ tàbí nínú ohun mímu, wọ́n ń fún àwọn mìíràn ní ṣokoláàtì tàbí bọ́ńbọ́n láàárín oúnjẹ. Ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń fún ní 24 bọ́ńbọ́n lójúmọ́, irú èyí tó ń lẹ̀ mọ́ eyín tí kì í tètè yọ́. Àwọn oníṣègùn eyín a máa wo ẹnu wọn, wọn a máa kọ iye ihò tó ti là sílẹ̀. Ẹ gbọ́ o: wọ́n rí ihò, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n sì tún fún wọn ní bọ́ńbọ́n lọ́jọ́ kejì. Àwọn aláìsàn 436 ni orúkọ wọn wọ inú ìwádìí náà. Eyín ọ̀pọ̀ nínú wọn bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

Nígbà tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ ní 1954, gbogbo ayé kẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n rí i pé kì í ṣe bí ṣúgà ti pọ̀ tó nìkan ló ń ba eyín jẹ́, bí kò ṣe iye ìgbà tí a ń fi sẹ́nu lójúmọ́, àti bó ṣe ń pẹ́ lára eyín. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi gba àwọn òbí Swídìn níyànjú pé kí àwọn ọmọ máa jẹ bọ́ńbọ́n ní ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan, àṣà tó wà lọ́dọ̀ wọn títí dòní. Ìmọ̀ràn tí àwọn nọ́ọ̀sì ń fún àwọn ìyá ní ilẹ̀ wa, pé kí ọmọ má máa lá bọ́ńbọ́n láti àárọ̀ dalẹ́, láti ẹnu àwọn ará Vipeholm ni apá kan rẹ̀ ti wá.

A jẹ wọ́n ní gbèsè tí a kò lè san. Wọn kò yọ̀ǹda ohun tí a gbà lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 1947 yẹn gan-an, ní ìlú Nuremberg ní Jámánì, àwọn adájọ́ tó dá ẹjọ́ àwọn dókítà Násì kọ ìlànà mẹ́wàá sílẹ̀ fún ìdánwò lára èèyàn, èkíní nínú wọn sì ni pé ẹni náà gbọ́dọ̀ fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ gbà. Kò sí ẹni tó ka èyí létí àwọn ará Vipeholm. Àwọn oníṣègùn yẹn kì í ṣe ọ̀daràn ojú afárá. Ọ̀mọ̀wé ni wọ́n, wọ́n sì fẹ́ gba eyín àwọn ọmọ ilẹ̀ wọn là. Ohun tó yẹ kó bà wá lẹ́rù nìyẹn: èèyàn lè ní ète rere, kí ó sì fá orí lẹ́yìn olórí.

OHUN TÍ ONÍṢÈGÙN EYÍN JẸ WÁ

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé wàyí. Oníṣègùn eyín kò pọ̀ nílẹ̀ wa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wà ní àwọn ìlú ńlá. Ẹni tó bá ti Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ wá ti lo ọjọ́ àti owó kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tó ti rìn jìnnà báyìí kì í lè sọ pé òun ń lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Èyí mú kí ojúṣe oníṣègùn wúwo sí i.

Èkíní, kí ó sọ ohun tó rí, ní èdè tí aláìsàn gbọ́. Bí ihò eyín bá ṣì kéré, a lè dí i. Bó bá ti dé inú ibi tí iṣan wà, a lè tọ́jú gbòǹgbò rẹ̀, èyí tó lè gba kí a padà wá lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Tàbí kí a yọ ọ́. Aláìsàn ni yóò yàn, lẹ́yìn tó bá ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Èkejì, kí ó dá iye owó rẹ̀ kí ó tó mú irin. Owó tí a gbọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ kì í ṣe àdéhùn, gbèsè ni. Kí ó má sì gbẹ́ eyín tó le nítorí pé owó ilé ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Ẹ̀kẹta, kí irin rẹ̀ mọ́. Kí ó wọ ìbọ̀wọ́ tuntun fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan, kí ó lo abẹ́rẹ́ tuntun, kí ó sì fi ooru ẹ̀rọ pa kòkòrò ara irin. Àrùn ẹ̀dọ̀ àti àrùn sídà a máa gba inú ẹ̀jẹ̀ ran èèyàn. Aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè, kò sì yẹ kí oníṣègùn bínú.

Ẹ̀kẹrin, kí ó pa ẹnu mọ́. Ohun tí ó bá mọ̀ nípa àìsàn wa kò gbọdọ̀ dé etí ìyàwó rẹ̀, kó má tíì wá sọ ti ọjà. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ẹ̀karùn-ún, ohun tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, kí ó kọ ìwé fún wa lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ìtìjú kò sí níbẹ̀.

OHUN TÍ ÀWA NÁÀ JẸ Ẹ́

Àdéhùn kì í jẹ́ ti ẹnì kan. Àwa tí à ń la ẹnu náà ní ẹ̀bi tiwa.

A máa ń purọ́ fún oníṣègùn. Ó bi wá bóyá a ní ẹ̀jẹ̀ ríru, a ní rárá. Ó bi wá bóyá a ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, a ní rárá, bẹ́ẹ̀ eyín tí a yọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè máa ṣẹ̀jẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Aboyún a máa dákẹ́ nípa oyún rẹ̀, bẹ́ẹ̀ a lè tọ́jú eyín aboyún, bí oníṣègùn bá ti mọ̀ ṣáájú. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ṣùgbọ́n èyí tí a bá rà lórí àga yìí, ara wa ni a ó fi san án.

A máa ń pẹ́. Eyín á máa dùn wá láti ọdún dé ọdún, a ó máa fi iyọ̀ àti ògógóró pa á lẹ́nu mọ́, ìgbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú tán ni a ó wá sáré dé, tí a ó sì ní kí ó yọ ọ́ kíá. A tún máa ń ní kí ó kọ ìwé àìsàn irọ́ fún wa kí a lè ráàyè kúrò níbi iṣẹ́. Ẹni tó bá bá wa purọ́ lórí ìwé lónìí, kí ni yóò dí i lọ́wọ́ láti purọ́ fún wa nípa eyín wa lọ́la?

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi oníṣègùn eyín dẹ́rù ba ọmọ. Bí a bá ń sọ lójoojúmọ́ pé, "Bí o kò bá dákẹ́, màá pe dókítà kí ó wá yọ eyín rẹ," ọmọ náà á ti sọ ọ́ di ọ̀tá kó tó rí i. Ẹ má sì tàn án pé ẹ̀ ń mú un lọ ra bísíkí. Ọmọ tí a fi ẹ̀tàn mú dé orí àga kì í gba dókítà gbọ́ mọ́, kì í sì í gba ìyá rẹ̀ gbọ́ mọ́.

BÍ Ọ̀RỌ̀ ÌYÁ ALÁGÀRÍ ṢE PARÍ

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, a tẹ̀ lé ìyá wa padà sí ilé ìwòsàn náà. Oníṣègùn tí a bá níbẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó sì dìde kí ìyá náà nígbà tó rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ìyá bi í pé kí ló dé tó fi yọ eyín òun láì sọ fún òun.

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: "Ìyá, ẹ má bínú. Mo lè tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ bá máa padà wá lẹ́ẹ̀mẹta, owó rẹ̀ sì pọ̀. Mo wò yín, mo ní kò ní ṣeé ṣe fún yín. Èrò sì pọ̀ níta lọ́jọ́ náà."

Ìyá ní: "Dókítà, ọmọ mi, aṣọ mi lẹ wò. Ẹ kò bi mí. Mo ń dá èsúsú. Oṣù tó ń bọ̀ ló kàn mí láti kó o. Ǹ bá fi tọ́jú eyín mi."

Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti fi àánú ṣe é, àánú náà sì ti gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó bẹ ìyá wa, a sì rí i pé ẹ̀bẹ̀ náà ti ọkàn rẹ̀ wá.

Lẹ́yìn náà ni ó wá béèrè, bó ti ń wo ojú egbò náà, pé ṣé kò sí àìsàn kankan lára ìyá. Ìyá wo ilẹ̀. Ó ní: "Àtọ̀gbẹ wà lára mi. Ọdún kẹrin rèé." Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ti bi í lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní kò sí nǹkan kan, nítorí ó ń bẹ̀rù pé wọ́n á ní kí òun padà sílé. Bẹ́ẹ̀ àtọ̀gbẹ a máa jẹ́ kí egbò pẹ́ kó tó jinná, a sì máa ṣí ọ̀nà fún kòkòrò láti wọ ojú egbò. Bí oníṣègùn bá ti mọ̀ ni, ì bá kọ́kọ́ yẹ iye ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ì bá sì ṣọ́ ojú egbò náà lójú méjèèjì.

Àwọn méjèèjì ni wọ́n dákẹ́ nígbà tó yẹ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Ọ̀kan dákẹ́ nítorí àánú àti ìkánjú, èkejì dákẹ́ nítorí ìbẹ̀rù. Ẹnu kan náà ni àwọn méjèèjì fi ìdákẹ́ wọn sí.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kejì ọdọọdún ni Ìjọ Mímọ́ ń rántí Apolonia, àgbà wúńdíá tí wọ́n pa ní Alẹkisáńdíríà ní ọdún 249. Àwọn tó ń ṣe inúnibíni lu eyín ẹnu rẹ̀ dànù, wọ́n ní kí ó sọ ọ̀rọ̀ òdì, ó kọ̀. Òun ni àwọn onígbàgbọ́ tí eyín ń dùn ti ń ké pè láti ọjọ́ pípẹ́. Ó dára kí a rántí pé ẹni tí wọ́n fi ipá gba eyín ẹnu rẹ̀ ni wọ́n yàn ṣe alágbàwí níbi iṣẹ́ yìí. Kí oníṣègùn tó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹnu tó là níwájú rẹ̀.

Egbò ìyá wa jinná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Eyín náà kò hù mọ́, nítorí eyín àgbà kì í hù lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí òmíràn bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan náà ni ó padà lọ. Ẹnu yà wá, a bi í pé kí ló dé. Ó ní: "Ó ti bi mí ní ìbéèrè méje báyìí, kó tó ní kí n la ẹnu. Èmi náà bi í ní mẹ́rin."